Kí Ni Ẹ Fi Sè É? Ọ̀rọ̀ lórí Arìnrìn-àjò tí Kì í Jẹ Ẹran

  Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ jọ sọ lónìí. Kì í ṣe oúnjẹ inú ilé o, oúnjẹ ojú ọ̀nà ni. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: ẹni tí kì í jẹ ẹran, tí ó sì ń rin ìrìn-àjò, báwo ni yóò ṣe rí oúnjẹ gidi jẹ yó, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ lórí ohun tí ó jẹ? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Èmi náà ti kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré rí, títí di ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé kan wá bẹ̀ wá wò láti orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ìpínlẹ̀ Gujarat ni wọ́n ti bí i, onímọ̀ èdè sì ni bí tèmi. Ẹ̀sìn Híńdù ni ẹ̀sìn ìdílé wọn. Láti ìgbà tí ó ti dáyé, kò fi ẹran, ẹja tàbí ẹyin kan ẹnu rí. Nígbà tí à ń lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, a yà jẹun ní ilé olóúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo sọ fún ìyá olóúnjẹ pé, “Màmá, àlejò mi yìí kì í jẹ ẹran o. Ǹjẹ́ ẹran wà nínú ewédú yín?” Màmá náà ní, “Rárá o, ọ̀gá. Ta ní ń fi ẹran sí ewédú?” Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àlejò mi, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Wọ́n bu àmàlà, wọ́n da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kí ó tó dáwọ́ dúró. Ó fi ìka méjì mú nǹkan kékeré kan jáde láti inú ọbẹ̀, ó sì gbé e sí etí àwo. Orí edé ni, tòun ti ojú dúdú rẹ̀ bíńtín.

Àlejò mi kò pariwo. Ó bèèrè omi, ó fọ ọwọ́, ó sì dákẹ́ títí a fi dé Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó gbéra, mo padà tọ ìyá olóúnjẹ lọ. N kò bá a jà. Mo kàn fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ẹran lẹ bi mí, ọ̀gá. Ẹ kò bi mí ní edé.”

Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi bèèrè, mo sì ṣìnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fi bèèrè kò gba gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Èmi tí mo ń fi èdè jẹun, èdè ni ó gbé mi ṣubú. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ rárá, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an wò.

1. Kí ni à ń pè ní ẹran?

Nínú èdè wa, ẹran lè jẹ́ ohun abẹ̀mí tí ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, bíi ẹran ọ̀sìn àti ẹran ìgbẹ́. Ó sì lè jẹ́ ohun tí a gé sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ní orúkọ tirẹ̀ àti àyè tirẹ̀. Ẹ rántí ìbéèrè tí olóúnjẹ máa ń bi wá: “Ẹran ni àbí ẹja?” Bí ènìyàn bá dáhùn pé òun kì í jẹ ẹran, ohun tí olóúnjẹ gbọ́ ni pé ẹja ni ó fẹ́. Kò sí àrékérekè kankan níbẹ̀. Bí èdè ti pín nǹkan sí ọ̀nà méjì ni òun náà ṣe dáhùn.

Edé ní tirẹ̀ tún yàtọ̀. Lójú ọ̀pọ̀ alásè, edé kì í ṣe ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹja. Èròjà ọbẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀, ata àti irú ti jẹ́ èròjà. Pọ̀nmọ́ náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀: àwọn kan wà tí wọn yóò búra pé awọ lásán ni, kì í ṣe ẹran. Bí a bá wá dé orí ẹyin àti wàrà, ọ̀rọ̀ tún di ọ̀tọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tí kì í jẹ ẹran, ìyẹn ni vegetarian. Ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Vegetarian Society sílẹ̀ ní ìlú Ramsgate ní ọdún 1847. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà kò tó wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1944, àwọn kan tí kì í fẹnu kan wàrà àti ẹyin pẹ̀lú ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n sì dá Vegan Society sílẹ̀, kí orúkọ wọn má baà pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Ní ti àwa, mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń lo “ajẹ̀fọ́”. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún olóúnjẹ kan ní ìdíkọ̀ pé ajẹ̀fọ́ ni yín, kí ẹ sì wo ohun tí yóò gbé wá: ẹ̀fọ́ rírò ni, pẹ̀lú panla àti ṣàkì nínú rẹ̀!

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ kì í bọ́ni lójú ọ̀nà, àpèjúwe ni í bọ́ni. Kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ mọ ibi tí òun dúró sí. Ṣé ẹran nìkan ni òun kò jẹ, tí òun ń jẹ ẹja? Ṣé òun kò jẹ ẹran àti ẹja, ṣùgbọ́n òun ń jẹ ẹyin, òun sì ń mu wàrà? Àbí òun kò jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ohun abẹ̀mí wá? Ẹni tí kò bá lè la èyí yé ara rẹ̀ kò lè là á yé olóúnjẹ.

2. Ibi tí ẹran ń fara pamọ́ sí

Ẹran tí ó wà lójú àwo rọrùn láti yẹra fún. Èyí tí a kò rí ni ìṣòro. Mo ti fara balẹ̀ wo bí a ṣe ń dáná oúnjẹ títà ní ilẹ̀ wa, mo sì rí i pé ibi márùn-ún ni ó yẹ kí a máa ṣọ́.

Èkíní ni omi ẹran. Kò sí alásè rere tí yóò da omi tí ó fi bọ ẹran nù. Inú ọbẹ̀ ata tàbí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni yóò dà á sí. Bí a bá sọ pé kí wọ́n má fi ẹran sí i, wọn yóò yọ ẹran kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ti wọlé ná.

Èkejì ni edé àti ẹja gbígbẹ tí a ti lọ̀ tàbí tí a ti gún. Ìwọ̀nyí ni ó máa ń wọ inú ewédú, ẹ̀gúsí, àsáró, àdàlú àti gbẹ̀gìrì. Ìkọ́kọrẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú kò tilẹ̀ pé lójú wọn bí kò bá sí ẹja nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ewé tí a fi wé e tàn yín jẹ. Nígbà tí a bá gbọ́ pé mọ́ínmọ́ín kan jẹ́ ẹlẹ́mìí méje, ẹyin, ẹja, edé àti ẹran inú agolo ni wọ́n ń kà mọ́ ẹ̀mí wọ̀nyí.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin tí a ń tú nínú bébà. Òmíràn ní adìẹ tàbí edé nínú, òmíràn kò ní. Ara bébà ni a ti lè kà á.

Ẹ̀karùn-ún ni epo inú agbada. Dùndú kò ní ẹran nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé epo tí wọ́n fi dín ẹja ní òwúrọ̀ ni wọ́n fi dín in, òórùn rẹ̀ yóò sọ fún wa. Ìgbakọ tí ó ti inú ọbẹ̀ ẹran bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan gba irú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rò pé ẹja jíjẹrà ni irú nítorí òórùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èso igi igbá ni irú, láti inú oko ni ó ti wá, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ọbẹ̀ tí kò ní ẹran dùn. Ẹni tí kì í jẹ ẹran tí ó sì ń sá fún irú ń sá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

3. Ohun tí a lè rí jẹ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ebi ni yóò pa ẹni tí kì í jẹ ẹran lójú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Ní òwúrọ̀, àkàrà gbígbóná wà pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí ògì. Kí a sáà bèèrè bóyá wọ́n fi edé sí i. Ní ọ̀sán, ẹ̀wà àgànyìn wà, tí ata díndín rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ata, àlùbọ́sà àti epo. Ìbéèrè kan náà ni a ó tún bi ẹni tí ń tà á. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wà lójú ẹyín iná, níbi tí kò sí ọbẹ̀ tí ohunkóhun lè fara pamọ́ sí. Àgbàdo sísun tàbí bíbọ̀ wà ní àsìkò òjò. Ẹ̀kuru wà, tí a kò fi epo tàbí ata po, àyàfi kí a ṣọ́ ọbẹ̀ ata tí a ó fi jẹ ẹ́. Ẹ̀wà gbígbẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ yẹpẹrẹ: èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kò jìnnà sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú àgbàdo ti jẹun gidi.

Ẹ tún wo wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìsẹ́yìn. Oje ewé bọmubọmu ni wọ́n máa ń fi mú kí wàrà náà dì. Ọ̀pọ̀ wàrà dídì ilẹ̀ Yúróòpù ni ó jẹ́ pé oje inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú un dì, èyí tí kò tẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran lọ́rùn. Níbi tí àwọn ará òkè òkun ti ń wá wàrà dídì tí ewéko mú dì, tiwa ti wà nínú igbá lójú títì láti ọjọ́ pípẹ́.

4. Bí a ṣe ń bèèrè

Nísinsìnyí, a padà sórí ọ̀rọ̀ tí ìyá olóúnjẹ sọ fún mi. Ohun tí mo ti kọ́ láti ọjọ́ náà nìyí.

Àkọ́kọ́, kí a má ṣe bèèrè pé, “Ṣé ẹran wà nínú rẹ̀?” Ìbéèrè tí ó ṣe é dáhùn pẹ̀lú “rárá” kò kọ́ni ní nǹkan. Kí a bèèrè pé, “Kí ni ẹ fi sè é?” Olóúnjẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka èròjà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí alásè tí kì í yangàn lórí ohun tí ó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń kà á, edé yóò jáde fúnra rẹ̀.

Ìkejì, kí a dárúkọ nǹkan: “N kì í jẹ ẹran, n kì í jẹ ẹja, n kì í jẹ edé, ẹ má sì fi omi ẹran sí i.” Ó gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní ihò tí nǹkan lè gbà jò.

Ìkẹta, kí a lo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa: èèwọ̀. Bí ènìyàn bá ní òun kò fẹ́ràn ẹran, olóúnjẹ yóò máa rọ̀ ọ́ pé kí ó tọ́ ọ wò. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ rò pé owó ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní èèwọ̀ òun ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Yorùbá mọ̀ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan àti òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọn kì í fẹnu kàn. Àwọn olóòṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, kò sì sí ẹni tí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnìkan lè bi mí pé: bí kì í bá ṣe ẹ̀sìn tàbí ìdílé ni ó kà á léèwọ̀ fún mi ńkọ́, tí ó jẹ́ èrò ọkàn mi tàbí ọ̀rọ̀ ara líle? Ṣé n kò purọ́? Èmi kò rí irọ́ níbẹ̀, bí ènìyàn bá sọ ọ́ bí ó ti jẹ́: “Mo ti fi ṣe èèwọ̀ fún ara mi.” Ẹni tí ó gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Ìkẹrin, kí a mọ àkókò. Ẹni tí ó dé ilé olóúnjẹ kí wọ́n tó po ọbẹ̀ lè sọ pé kí wọ́n bu ata tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí omi ẹran tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó dé ní aago méjì ọ̀sán, ohun tí ó bá nínú ìkòkò ni yóò jẹ, tàbí kí ó fi sílẹ̀.

5. Bí a bá kọjá òkun

Ọgbọ́n kan náà ni a ó máa gbé kiri. Ní ìlú Salvador, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń fi epo pupa dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ pé inú “àkàrà” àti “jẹ” ni ó ti wá. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ náà kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí i yóò rò pé òun ti délé. Ṣùgbọ́n wọn yóò la àkàrà náà sí méjì, wọn yóò sì ki vatapá, caruru àti edé gbígbẹ bọ̀ ọ́. Bí arìnrìn-àjò bá ní kí wọ́n yọ edé kúrò, wọn yóò yọ èyí tí ojú rí. Edé lílọ̀ sì ti wà nínú vatapá àti nínú ilá caruru. Ẹ ha rí i bí? Edé ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni ó sọdá òkun. Àkàrà pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà ni kí ó bèèrè.

Ní ilẹ̀ Japan, omi tí wọ́n fi ń se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ omi ẹja gbígbẹ tí a fá wẹ́wẹ́, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọ́ nìkan ni a rí lójú àwo. Ní ilẹ̀ Bírítéènì, àwọn ilé oúnjẹ kan ń fi ọ̀rá màlúù dín ànàmọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, òfin ibẹ̀ ti sọ pé ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ fún oníbàárà bí ọ̀kan nínú ohun 14 tí ń ṣe àwọn ẹlòmíràn níbi bá wà nínú oúnjẹ wọn. Ẹja, edé àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹyin àti wàrà wà nínú 14 yìí. Nítorí náà, arìnrìn-àjò lè bèèrè fún àkọsílẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ ní ilé oúnjẹ àwọn ènìyàn wa ní Peckham. Àmọ́ kí ó rántí pé ẹran màlúù kò sí nínú òǹkà náà. Ìyẹn ni yóò fẹnu bèèrè.

Àwọn ibi kan wà tí ìṣòro náà fúyẹ́. Ní Íńdíà, oúnjẹ inú páálí tí kò ní ẹran, ẹja tàbí ẹyin ní àmì róbótó aláwọ̀ ewé nínú àpótí aláwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè dá a mọ̀. Ní Ẹtiópíà, àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Bí àlejò bá ti lè bèèrè oúnjẹ tsom, ìyẹn oúnjẹ ààwẹ̀, wọn yóò gbé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi wá lórí ínjẹ́rà, tí ó kan díẹ̀ bí ògì wa. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí ààwẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wọn.

6. Ohun tí ó kan àwa olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, bóyá ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò jẹ ẹran ní alẹ́ yìí gan-an, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó gba àlejò lọ́jọ́ kan, tàbí kí ẹ kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ìrìn-àjò. Ọmọ kan lè wà láàárín wọn tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Adventist, níbi tí a ti ń gba ọ̀pọ̀ níyànjú láti má jẹ ẹran. Òmíràn lè wà tí edé lè mú ara rẹ̀ wú kí èémí sì há a. Ní ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí a kò bi dáadáa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ojú ẹni tí ó gbà á lálejò ni ó fi ń ríran, ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi ń bèèrè.

Ní ọjọ́ tí àlejò mi ń padà lọ sí ìlú rẹ̀, a tún gba ọ̀nà náà kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a yà níbẹ̀. Mo jókòó ti ìyá olóúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo ní, “Màmá, kí ni ẹ fi se ewédú òní?” Ó kà á fún mi: ewédú, irú, iyọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ojú àlejò mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “N kò tíì da edé sí i. Ẹ jẹ́ kí n bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ ná.” Ó bù ú sínú àwo kékeré kan, ó fi ọmọrí dé e, ó sì fi ata tútù tí a lọ̀ lójú wa se ọbẹ̀ díẹ̀ tì í. Àlejò mi jẹ àmàlà náà tán pátápátá.